Gbà sábẹ́ àkóso

Àpólà ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí adarí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ ẹ̀rọ Wáì-Fáì kan di ara àwọn tí òun yóò máa fún ní àṣẹ. "Adarí náà ti gba ẹ̀rọ mẹ́ta sábẹ́ àkóso rẹ̀."

Ìlò. Nínú UniFi, iṣẹ́ ọwọ́ Ubiquiti, adopt ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ó lè yá ògbufọ̀ lára láti kọ "gbà ṣọmọ". A kò fara mọ́ ọn. Adarí kejì kì í sábà lè gba ẹ̀rọ tí ó ti wà lábẹ́ òmíràn, àfi bí a bá kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, tàbí tí a dá a padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́. A kì í ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni kí a pe adarí ní "orísun". Bí adarí UniFi bá kú, àwọn ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ a máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ètò tí ó fún wọn kẹ́yìn; ohun tí yóò dúró ni àyípadà ètò, àkọsílẹ̀ ìlò, àti ojú-ìwé tí àlejò fi ń wọlé. Ẹni tí ó ka "orísun" nínú ìwé ìlò lè máa pa adarí, kí ó máa tàn án, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó já.

Ti Cisco lè yàtọ̀: inú adarí ni dátà fúnra rẹ̀ lè gbà kọjá. CAPWAP, ìlànà ọdún 2009, fi àṣẹ sí ojú ọ̀nà UDP 5246, ó sì fi dátà sí 5247. Kí ògbufọ̀ mọ èyí tí ìwé ń sọ kí ó tó kọ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dúró".