Nígbà tí Nọ́ọ̀tì Bá Kọ̀ tí Kò Tú

Bí ó bá di òwúrọ̀ Sátidé, ẹ wo àdúgbò yín yíká. Ẹ ó rí baálé ilé kan tí ó wọ ṣòkòtò àlòkù, tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ti sọ fún ìyàwó pé iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré ni. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kò tíì dún, nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù nílẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó ti tú wọn, oúnjẹ ọ̀sán ti tutù, ọmọ kankan kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ baba rẹ̀.

Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí owó mẹkáníìkì kò kéré. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé a kì í sáábà ṣèṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí oòrùn bá ti mú, tí inú bá ti ń bí wa sí irin lásán, ni a máa ń ṣe ohun tí a kò jẹ́ ṣe ní òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Táńkì epo ọkọ̀ mi ń jò, mo sì fẹ́ tú u. Ó ti tó wákàtí mẹ́ta tí mo ti ń bá bóòtì kan tí ó dípẹtà jà. Sípánà ti yọ̀, ó sì ti bó mi ní ìka. Epo ṣì wà nínú táńkì, n kò ní ohun tí mo lè fi fà á. Mo bá ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo sì fi ẹnu fà á gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí àwọn awakọ̀ ń ṣe. Epo dé ẹnu mi kí n tó mọ̀. Mo gbé díẹ̀ mì, ikọ́ sì gbé mi. Màmá àgbà kan nínú ilé wa sáré gbé ife epo pupa wá: “Ọmọ mi, mu ún, kí o lè bì í.” Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé yàrá kejì tí ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn mu.”

Òótọ́ ni ó sọ. Epo pẹtiróòlù kò ki rárá, ewu rẹ̀ tí ó tóbi jù sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ju inú ikùn lọ. Díẹ̀ tí ó bá yà sí ọ̀nà èémí lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú. Ẹni tí ó bá bì í ń mú un gba ọ̀fun padà, ó sì tún lè yà sí ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kí ó fi omi fọ ẹnu, kí ó bọ́ aṣọ tí epo ta sí, kí ẹ fi ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ balẹ̀, ẹ má dúró. Ikọ́, ibà àti mímí gúlegúle lè dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀yin ni wọn yóò ké sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ epo sínú ìgò mínírà nínú ilé yín: ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀.

Ti rédíétọ̀ tún ń bẹ. Omi ìkòkò máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 100 ti Celsius, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ há omi mọ́ inú, ó sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìhó. Ẹni tí kò ní sùúrù bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fò sí ojú àti àyà. Àkísà kò lè dáàbò bo ọwọ́. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí yóò fi tutù. (Àwọn onímọ́tò ìjàpá àtijọ́ lè fi wá rẹ́rìn-ín níhìn-ín, atẹ́gùn ni ó ń mú ẹ́ńjìnì tiwọn tutù.) Bí omi gbígbóná bá ti bó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ jẹ́ kí ó máa dà lé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Jáàkì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Èyí tí ó wà nínú bùútù wà fún pípààrọ̀ táyà nìkan. Ẹni tí ó mọ èyí ní òwúrọ̀ ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé “ìṣẹ́jú kan péré.” Yóò fa bóòtì tagbáratagbára, ọkọ̀ yóò mì, jáàkì yóò sì yẹ̀. Bí kò bá sí ìdúró irin tí a ṣe fún un, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀; búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé lè fọ́ lójijì.

Bí òjò bá lé yín wọ gáréèjì, ẹ má tan ẹ́ńjìnì nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pani. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́. Ọṣẹ ni kí ẹ lò.

Ní ti táńkì mi, mẹkáníìkì tú bóòtì náà ní ọjọ́ Ajé. Ó ta ọ́ìlì sí i, ó lọ jẹ ẹ̀bà, nígbà tí ó padà dé ó tú u. Mo san owó rẹ̀ láìnájà.