Ìfun Wa Náà Ní Aago

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, aago mẹ́rin ìdájí la ti ń jí, aago mọ́kànlá alẹ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ẹ̀bà. Láàárín kọ́? Ẹ̀pà àti omi ni. Tí inú bá wá ń run wá, a ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ara èèyàn ní aago tirẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017 torí pé wọ́n rídìí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára eṣinṣin. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ló ń darí ti ọpọlọ. Àsìkò oúnjẹ ló ń darí ti ìfun.

Ara ìfun nínú lọ́hùn-ún kì í pẹ́ gbó: láàárín ọjọ́ 3 sí 5, tuntun á ti rọ́pò ògbólógbòó. Aago yìí wà lára ohun tó ń sọ ìgbà tí tuntun ń yọ. Tá a bá ń jẹun lóru, ti ọpọlọ á máa lọ sápá ọ̀tún, ti ìfun á máa lọ sápá òsì.

Ẹ jẹ́ ká máa jẹun gidi lọ́sàn-án nídìí ọjà wa, kí talẹ́ fúyẹ́, kó má sì pẹ́. Bí inú rírun kò bá lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọjà á tà o!