Kóńgò Kóńgò Ni Àpò Ìrẹsì Fi Ń Tán

Ajé á wọ igbá wa, a ò sì ní í fi èrè tí a bá jẹ ra oògùn. Àmín.

Àdúrà yẹn ló gbé wa dé ibi ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀rọ̀ ìsanra ni. Kì í ṣe ti ẹni tó sanra díẹ̀, tó kàn fẹ́ kí búláòsì ọdún tó kọjá tún wọ òun. Ti àwa tí a sanra gan-an ni, àwa tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ìsọ̀, tí ọlọ́kadà máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá wa lóhùn. Ohun tó yẹ kó jò kúrò lára irú wa pọ̀ débi pé ó ti máa ń rẹ̀ wá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Báwo ni èèyàn á ṣe ṣe é tí kò fi ní í sú u lójú ọ̀nà? A ò ní í fi ti ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ. Ti àwa akọ̀wé yín fúnra wa ni a fẹ́ sọ.

ỌJỌ́ TÍ A GUN ÒṢÙWỌ̀N

Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ wa pe àwọn nọ́ọ̀sì wá láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún gbogbo wa. Wọ́n ní kí kálukú kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ẹ wá wo bí àwáwí ṣe ń jáde! Ọ̀kan ní oníbàárà ń dúró de òun, òmíràn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Nígbà tó kàn wá, a bọ́ bàtà, a tú gèlè, ó kù díẹ̀ ká bọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Òṣùwọ̀n gbé kílò 116. Nọ́ọ̀sì wọn gíga wa, ó ṣírò ẹ̀, ó ní ẹni tó ga tó wa kò yẹ kó ju kílò 66 lọ. Ẹ̀jẹ̀ wa lọ́jọ́ náà sì jẹ́ 160 lórí 100.

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Àádọ́ta kílò ló lé. Àwa tí à ń ta ìrẹsì láti ọdún yìí wá, a mọ ohun tó ń jẹ́ àádọ́ta kílò. Àpò ìrẹsì kan gbáko ni. Alábàárù pàápàá, ó máa ń pe ẹnìkejì kó bá òun gbé e rù. Àwa sì ń gbé tiwa kiri láìsọ̀ ọ́: a gbé e lọ sọ́jà, a gbé e lọ síbi òkú àti ìgbéyàwó, a gbé e sùn, a tún gbé e jí. Abájọ tí eékún ń ké!

A délé lọ́jọ́ náà, a sunkún. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a sanra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dárúkọ iye ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ka gbogbo gbèsè tí èèyàn jẹ sí i létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

ÌWÀǸWÁRA KÒ ṢE É

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fẹ́ sọ àpò náà kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. A ò ní í fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Tó bá wá di alẹ́, a ó jẹ ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ pọ̀ lórí ìjókòó kan. Ìgbà tó yá, ẹnìkan gbé tíì kan wá, ó ní ẹni tó bá mu ún á jò ní ogún kílò láàárín oṣù kan. A mu ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló di ilé wa. Ní ọjọ́ kẹrin, òòyì kọ́ wa níwájú ìsọ̀, àwọn aláta ẹ̀gbẹ́ wa ló bu omi sí wa lórí. A gun òṣùwọ̀n, kílò mẹ́ta ti lọ, inú wa dùn. A dá tíì dúró, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, kílò mẹ́ta náà ti padà sí àyè ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló là wá lóye pé omi ara ni irú tíì bẹ́ẹ̀ ń lé jáde, ọ̀rá ń bẹ níbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ tọ̀ yín wá, ìbáà ní nọ́mbà NAFDAC lára, ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà.

Lẹ́yìn èyí, ó sú wa pátápátá. A ní bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyí. Oṣù márùn-ún gbáko ni a ò bojú wo òṣùwọ̀n, títí tí orí fífọ́ fi gbé wa padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Kò bú wa. Ó kàn béèrè pé, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń tà?" A ní ìrẹsì ni. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe ń ta àpò kan tán?" A ní ìbéèrè wo nìyí, ṣebí kóńgò kóńgò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má wo àpò mọ́. Kóńgò ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ó ṣàlàyé fún wa pé kò dìgbà tí àádọ́ta kílò bá pé kí ara tó jàǹfààní. Bí ẹni tó sanra bá lè dín kílò márùn-ún kù nínú ọgọ́rùn-ún kílò, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Fún àwa, kílò mẹ́fà nìyẹn. Kóńgò ìrẹsì kan ju kílò kan lọ, nítorí náà bíi kóńgò mẹ́rin péré ni iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Ó ní ká má ronú kan èyí tó kù. Ó tún ní ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó, ẹni tó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí dókítà lẹ́yìn ẹ̀ ń wá wàhálà.

OHUN TÍ A ṢE

Ẹ̀yìn ìwé àwìn wa ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ẹni tó jẹ wá lówó sí iwájú, bẹ́ẹ̀ ni à ń kọ gbogbo ohun tí a bá jẹ sí ẹ̀yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú tì wá. A ti máa ń sọ pé a kì í jẹun púpọ̀, òótọ́ sì ni, bó bá jẹ́ inú abọ́ là ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kiri kọjá níwájú ìsọ̀ ńkọ́? Búrẹ́dì, bọ́ọ̀nsì, gúgúrú òun ẹ̀pà, mínírà méjì lóòjọ́. Ìgò mínírà 50cl kan lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ nínú. Ta ló jẹ́ fi ṣíbí mẹ́wàá po ẹ̀kọ mu?

A ò pa gbogbo ẹ̀ tì lọ́jọ́ kan. Oṣù kìíní, a yọ mínírà kan, omi tútù rọ́pò ẹ̀. Oṣù kejì, a yọ ìkejì. Oṣù kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wọn òróró sínú ìkòkò dípò ká máa dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Àmàlà tó ń jẹ́ mẹ́ta di méjì, nígbà tó yá ó di ẹyọ kan àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, ẹja sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ẹ̀wà ni, tàbí mọ́ínmọ́ín. Oúnjẹ ilé wa náà ni, a ò ra oúnjẹ òyìnbó kankan. Iyọ̀ náà dín kù, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, tó fi mọ́ èyí tó wà nínú magí.

Oúnjẹ alẹ́ wa tó ń di agogo mẹ́sàn-án, ká jẹ ẹ́ tán ká sùn lé e lórí, a ń gbé e wá sọ́jà báyìí, ká jẹ ẹ́ ní agogo mẹ́fà kí a tó palẹ̀ ọjà mọ́. Ní ti ìrìn, a máa ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiwa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a kọ́kọ́ lè rìn, à ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ọgbọ̀n. Bí èèyàn bá rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ó pé 150 tí àjọ náà ní ká má dín kù sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ tí ẹ sì ń lo oògùn, ẹ má dín oúnjẹ kù tàbí kí ẹ gbààwẹ̀ láìsọ fún dókítà yín o. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, ìyẹn náà léwu.

ẸNU AYÉ

Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Kì í ṣe ebi ló fẹ́ dá wa dúró, ẹnu yín ni. Ìgbà tí a sanra, òròbó ni wọ́n ń pè wá. Ìgbà tí kílò mẹ́wàá lọ, wọ́n ní, "Ìyá oníresì, ṣé kò sí o?" Ẹnìkan béèrè bóyá ọjà kò tà. Ẹnìkan gbọ́ pé bàbá ilé fẹ́ ìyàwó tuntun. Ọ̀rẹ́ wa kan fà wá sí kọ̀rọ̀, ó ń béèrè irú àìsàn tó jẹ́, omijé ti gba ojú ẹ̀ kan. Ẹ ò ní í gbà gbọ́: níbi ayẹyẹ kan, a jẹ abọ́ ìrẹsì méjì lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò ṣàìsàn!

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló ka ìsanra sí ẹ̀rí pé èèyàn rí jẹ, wọ́n sì ka kéèyàn fọn sí ìyà. Ẹni tó bá ṣàdédé ń rù láìmọ̀dí, òótọ́ ni pé kó tètè lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é fúnra ẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́ ni. Ìdáhùn tí a wá rí fún gbogbo wọn kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹrù là ń sọ̀ kalẹ̀." A sọ ọ́ títí, ó sú wọn.

NÍGBÀ TÍ ÒṢÙWỌ̀N KỌ̀ TÍ KÒ MÌ

A dé kílò 104, ó dúró gbagidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kò lọ, kò bọ̀. Ọdún Kérésìmesì wá dé, a fi kílò mẹ́ta kún un. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́, ó sì kù díẹ̀ ká jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ayé. Bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni agbára tó ń ná lójúmọ́ ń dín kù, ebi á sì máa pani ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ara ń du ohun tó ti kó pa mọ́.

Ohun méjì ló gbà wá. Èkíní, a bi ara wa pé, lọ́jọ́ tí ọjà kò bá tà, ṣé a máa ń dáná sun ìsọ̀ ni? Ṣebí a ó pa ìlẹ̀kùn dé, a ó tún ṣí i lọ́jọ́ kejì. Èkejì, a dẹ́kun fífi òṣùwọ̀n nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ìró wa ti ń yí wa po dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ti wá sí 138 lórí 86. Èyí tó dùn mọ́ wa jù lọ ni ọjọ́ tí a lọ síbi mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ ọmọ wa obìnrin. A kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ẹbí ọkọ, a sì dìde láìdi àga mú. Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí a ti ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn. Òṣùwọ̀n ò lè ka ìyẹn.

Bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, kílò 93 ni a wà. Mẹ́tàlélógún ti lọ, ó kù díẹ̀ kó pé ìdajì àpò. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣì kù. A ò tíì di lẹ́pa, bóyá a ò sì ní í dà á. Dókítà ti dín ọ̀kan kù nínú oògùn wa, òun ló dín in, a ò dá a dín. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ tuntun wà nísinsìnyí, iṣẹ́ abẹ pàápàá wà. Ọ̀rọ̀ dókítà ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌKÉDE

Ẹgbẹ́ ti ra òṣùwọ̀n kan. Ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ní yàrá akápò, ojú ẹnikẹ́ni ò ní í tó o. Lẹ́yìn ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹni tó bá wù lè wá gùn ún. A ò ní í kọ orúkọ, nọ́mbà nìkan la ó kọ, bíi ti káàdì àjọ. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ẹnìkejì kan dání, kí wọ́n jọ máa rìn wálé nírọ̀lẹ́, nítorí ọjọ́ tó bá sú ọ̀kan, ìkejì á fà á dìde.

Ẹ má wo bí àpò ṣe tóbi tó. Ẹ bu kóńgò kan lónìí.

Àwa ni tiyín nínú ọjà,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.