Ìmúlò Agbára Epo nínú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ọkọ̀ Ojú Òkun

Ìfáàrà
Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ epo di agbára tí ó ń ti ọkọ̀ ojú òkun síwájú, àti ọ̀nà tí agbára náà ń gbà ṣòfò. Ẹ́ńjìnnì yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ńlá tí ń kó ẹrù wọ èbúté Àpápá. Owó epo rẹ̀ sì wà lára iye tí àwọn ènìyàn ń ra ọjà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́
Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún pọ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná gidigidi. Bí epo bá ti wọlé, yóò gbiná fúnra rẹ̀, yóò sì ti písítìn padà. Nígbà tí wọ́n dán ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel wò ní ọdún 1897, nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 agbára epo ni ó di iṣẹ́. Lónìí, àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tí ń yí jẹ́jẹ́ ń mú nǹkan bí ìdá 50 jáde.

Ibi tí ìyókù ń lọ
Ooru ni ó ń gbé ìdajì yòókù lọ, pàápàá nínú èéfín àti nínú omi tí ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo èéfín náà láti yí tọ́bò, èyí tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú sílíńdà.

Ipa eré ọkọ̀
Àǹfààní ńlá mìíràn wà nínú ìwọ̀n eré. Bí ọkọ̀ bá dín eré rẹ̀ kù láti 20 sí 18 máìlì òkun ní wákàtí kan, eré náà di 0.9 ti àtẹ̀yìnwá. Agbára tí yóò nílò yóò di nǹkan bí 0.9 × 0.9 × 0.9, èyí tí í ṣe 0.73. Lóòótọ́, ìrìnàjò ọjọ́ 10 yóò di ọjọ́ 11 ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 epo ìrìnàjò náà ni yóò ṣẹ́kù. Láti ọdún 2008 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, epo kì í jó tán dáadáa, ìdọ̀tí a sì máa dí ẹ́ńjìnnì.

Ìgúnlẹ̀
Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Olùkọ́ lè fi ìṣirò òkè yìí han akẹ́kọ̀ọ́ pé dídín eré kù díẹ̀ lè dín epo kù púpọ̀, àti pé epo tí kò jó kò ní èéfín.