Ṣé O Mọ̀? Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ra Laptop Géèmù N'Íbàdàn

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Áfíríkà? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI). IBM yìí náà ló gbé ThinkPad jáde lọ́dún 1992, Lenovo ti ilẹ̀ Ṣáínà sì ra ẹ̀ka náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2005. Lónìí, bí o bá sọdá títì láti géètì UI sí Agbowó, ThinkPad tòkunbọ̀ ò ní pẹ́ wọ̀ ẹ́ lójú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá? Àwọn iléeṣẹ́ ńlá nílùú òyìnbó máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí EliteBook, Latitude àti ThinkPad fi pọ̀ lọ́jà bẹ́ẹ̀. Ara wọn le dáadáa, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní graphics tó dá dúró, géèmù ńlá ò sì lè ṣe láìsí i.

Ṣé o mọ̀ pé i5 lè na i7? Core i7-7500U ní core méjì péré. Core i5-8250U tó jáde lọ́dún 2017 ní mẹ́rin. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 ló ń sọ jẹnẹréṣọ̀n, lẹ́tà ìparí ló sì ń sọ agbára: U ń ṣọ́ bátìrì jẹ, H ló wà fún iṣẹ́ líle. Bí ọlọ́jà bá ń pariwo “i7 ni o!”, fọ̀wọ̀ bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, jẹnẹréṣọ̀n mélòó ni? Lẹ́tà wo ló parí ẹ̀?”

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10? Ní ti Intel, láti jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi RAM kún ọ̀pọ̀ laptop lẹ́yìn ọ̀la, o sì lè pààrọ̀ SSD, àmọ́ graphics inú wọn sábà máa ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá? Nítorí náà, graphics ni kó kọ́kọ́ gba owó rẹ. PES 2013 ò bèèrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n EA Sports FC 24, èyí àkọ́kọ́ tí kò jẹ́ orúkọ FIFA mọ́, ó kéré tán 8GB RAM, GTX 1050 Ti àti àyè 100GB ló ń fẹ́.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù nìyí: ṣé o mọ̀ pé laptop tó lè ta géèmù fún ọ lè máà jẹ́ orúkọ laptop géèmù rárá? Wá HP ZBook, Dell Precision tàbí ThinkPad ọ̀wọ́ P. Àwọn ẹnjiníà àti ayàwòrán-ilé ni wọ́n ṣe wọ́n fún, graphics Quadro ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ṣípù tó wà nínú Quadro P1000 ni NVIDIA lò fún GTX 1050 náà. ZBook 15 G5 àti Precision 5530 lè ní P1000 yìí pẹ̀lú Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ. Kò sí iná pupa, kò sí ti búlúù lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ṣé o mọ̀ bí o ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ọlọ́jà? Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí o lọ sí Performance. Bí GPU (graphics) kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ ti Intel, kò ní graphics tó dá dúró nìyẹn. Tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, kí o ṣí fáìlì tó bá gbé jáde: bí Design Capacity bá jẹ́ 60,000, tí Full Charge Capacity wá jẹ́ 30,000, ìdajì bátìrì ti lọ. Yí ṣájà dojú dé, kí o sọ Volt di púpọ̀ ní iye Amp rẹ̀. 19.5 lọ́nà 7.7 jẹ́ 150W. 19.5 lọ́nà 3.34 jẹ́ 65W, èyí ò tó fún laptop géèmù.

Pa á, tún un tàn, kí o tẹ F10 fún HP, F2 fún Dell, F1 fún ThinkPad láti wọ BIOS. Bó bá bèèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ọlọ́jà ò mọ̀, dìde.

Ṣé o mọ̀ pé ooru ló ń sọ laptop tó lágbára di ọ̀lẹ? Bó bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré kù. Eruku ọyẹ́ ń dí fáànù, ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lórí CPU náà sì ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ta géèmù lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó sanwó. Nílé, má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé o mọ̀ pé laptop géèmù máa ń falẹ̀ bí kò bá sí lórí iná? Bátìrì ò lè fún un ní gbogbo agbára tí ṣájà ń fún un. Bó bá ń jẹ 150W, wákàtí mẹ́rin á jẹ yúníìtì 0.6. Báńdì A, tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó rẹ̀ sókè ní oṣù kẹrin 2024, yẹ kó rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lóòjọ́. Mọ báńdì họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí ẹni tó ń ta àlòkù jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni? Gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà tó wà nídìí laptop náà sì wà lórí rẹ̀. Àbúrò mi, owó tí bàbá àti ìyá ṣa jọ ni: ọlọ́jà tí kò bá jẹ́ kí o dán an wò, bóyá ní Dùgbẹ̀ ni tàbí ní Challenge, má sanwó fún un.