Bí Omíyalé Bá Dé: Ta Ni Ká Bi, Kí Ni Ẹgbẹ́ Sì Lè Ṣe?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí à ń bẹ̀ wò ní Alápẹ̀rẹ̀, Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12, pàápàá láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Ìbéèrè náà ni pé: bí omi bá ya wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ṣé ìjọba ni yóò san àdánù náà ni, àbí kí olúkúlùkù gba kámú? Àwọn kan a ní ìjọba ló jẹ̀bi. Àwọn mìíràn a ní ẹni tó kọ́lé sójú omi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyà. Àríyànjiyàn a le títí wọn yóò fi máa dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìpàdé a sì tú láìsí ìpinnu. Síbẹ̀, ẹni tí omi gbé ọjà rẹ̀ lọ ṣì jẹ ẹgbẹ́ lówó, àwọn onídùúró rẹ̀ kò sì rí oorun sùn.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí. A kò kọ ọ́ láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, nítorí ẹgbẹ́ wa kì í dá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé gbogbo wa yékéyéké ni pé ìjọba kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ìjọba mẹ́ta ni ó wà lórí wa, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni à ń bi léèrè ilẹ̀kùn.

Ibi tí omi ti ń wá bá wa

Odò Ògùn ṣẹ̀ láti àgbègbè Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń wọ inú ọ̀sà Èkó ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Lórí Ọ̀yán yìí ni Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ dáàmù ńlá kan sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983. Dáàmù náà lè gba omi tó tó bílíọ̀nù 270 lítà. Wọ́n ṣe é kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi lò, kí àwọn àgbẹ̀ sì lè rí omi fi rin oko wọn lẹ́ẹ̀rùn. Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń jẹ́ Ogun-Osun River Basin Development Authority ni ó ń bójú tó o.

Nígbà tí òjò bá pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, dáàmù a kún. Bí wọn kò bá tú nínú omi náà sílẹ̀, ògiri rẹ̀ lè ya. A rí irú rẹ̀ ní Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya, tí omi bo ìlú mọ́lẹ̀, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì sá kúrò nílé. Nítorí náà, títú omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni pé: ìgbà wo ni wọ́n tú u, báwo ni ó ti pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan, ta ni wọ́n sì kìlọ̀ fún kí wọ́n tó tú u?

Omi yìí a máa dé ọ̀dọ̀ wa ní àkókò gan-an tí ọ̀sà fúnra rẹ̀ kún. Nígbà tí òkun bá ń ti omi ọ̀sà padà, odò kò ní ríbi gbà, yóò sì ya sí Agbóyì àti àwọn ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá Alápẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀ lọ́jọ́ náà, tí gọ́tà àdúgbò sì kún fún ọ̀rá àti ike, omi òjò kò ní rọ́nà dé odò. Omi mẹ́ta ni ó pàdé níbẹ̀: omi dáàmù, omi odò pẹ̀lú ọ̀sà, àti omi gọ́tà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi Odò Ògùn bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò ìtòsí rẹ̀, títí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi kó àwọn tí omi lé jáde lọ sí ibùdó kan ní Agbọ̀wà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ bá ń ka orúkọ àwọn àdúgbò tí ó yẹ kí ó múra láti sún sí orí ilẹ̀ gíga, orúkọ Alápẹ̀rẹ̀ a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú Kétu, Máìlì 12, Òwòdé Onírin àti Agbóyì.

Ohun tí òfin wí

Àwọn tí ń sọ pé ìjọba ni ọ̀ràn kàn kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 14, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ẹ lè fi abala yìí nìkan gba owó nílé ẹjọ́, nítorí abala 6 ìwé òfin kan náà dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ìlérí tí a lè fi bi olóṣèlú léèrè lọ́jọ́ ìbò ni. Kì í ṣe gbèsè tí adájọ́ lè bá wa gbà.

Èyí tí ó ṣe wá láǹfààní jù ni ìpín iṣẹ́. Àṣẹ lórí odò tí ó la ìpínlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ wà lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ dáàmù Ọ̀yán kò sí ní Aláùsá rárá. Kánààlì ńlá àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀. Gọ́tà àdúgbò wà nínú iṣẹ́ tí ìwé òfin kà sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Alápẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ Agbóyì-Kétu LCDA, ọ̀kan nínú àwọn tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n Kosofe ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ ìwé nípa gọ́tà yóò ṣe dáadáa bí ó bá fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun dá àjọ NERA sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó pín oúnjẹ àti aṣọ lẹ́yìn tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti ṣẹ̀. NEMA rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1999, òfin sì fi ìmúrasílẹ̀, ìdóòlà ẹ̀mí àti àtúnṣe kún iṣẹ́ rẹ̀. Igbákejì Ààrẹ ni alága ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀. Láti ọdún 1981 ni a ti ń yọ apá kan nínú owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn ilẹ̀ tí ń ya àti omi tí ń kún, èyí tí à ń pè ní Ecological Fund. Òfin fún NEMA ní ìdá kan nínú márùn-ún owó yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní LASEMA tirẹ̀. Owó gbogbo wa ni. Ẹni tí ó bá lọ béèrè rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́ kì í ṣe alágbe.

Bí àríyànjiyàn ṣe ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní igba. Nígbà náà ẹgbẹ́ UPN ni ó ń ṣèjọba Ọ̀yọ́ lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Ìgè, ẹgbẹ́ NPN ti Ààrẹ Shagari sì ni ó wà ní ìjọba àpapọ̀. Ta ni yóò tún odò náà ṣe? Owó ta ni a ó fi ṣe é? Iṣẹ́ náà fà láti ọwọ́ ìjọba kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan náà.

Ní ọdún 2012, NEMA ka ènìyàn 363 tí omi pa ní Nàìjíríà, àwọn tí ó sì lé kúrò nílé ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ìjọba Àpapọ̀ fi bílíọ̀nù 17.6 náírà ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ tí ọ̀ràn kàn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí omi lé ń ráhùn pé àwọn kò rí nǹkan kan gbà. Ní ọdún 2022, tí àwọn tí ó kú lé ní 600, mínísítà tí ọ̀ràn ìrànlọ́wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé a ti kìlọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó, wọn kò sì kọbi ara sí i. Àwọn ará Bayelsa bínú gidigidi nígbà tí ó tún sọ pé ìpínlẹ̀ wọn kò sí nínú mẹ́wàá tí omi bà jẹ́ jù. Àwọn mìíràn nawọ́ sí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, àti sí dáàmù Dasin Hausa ní Adamawa tí ó yẹ kí Nàìjíríà fi gba omi rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n tí a kò kọ́ parí. Mínísítà ọ̀ràn omi ní tirẹ̀ ní òjò tí ó rọ̀ nílẹ̀ wa ni ó pọ̀ jù nínú omi náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí odò Mississippi bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1927, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1928 gbé iṣẹ́ dídá omi náà dúró lé ìjọba àpapọ̀ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans ní ọdún 2005, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, olórí ìlú, gómìnà àti ìjọba àpapọ̀ wọn di ẹ̀bi ru ara wọn.

Ọ̀nà tí a fi lè pín in

Lójú tiwa, òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó da ìdọ̀tí sí gọ́tà, tàbí tí ó kọ́ ilé dí ojú àgbàrá, kò lè bọ́ nínú ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí ó gba ìwé àṣẹ, tí ó sì ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, kò yẹ kí ó dá ru ẹrù omi tí ó ti dáàmù wá. Ẹ jẹ́ kí a pín ìbéèrè náà sí mẹ́ta.

Ṣáájú omi: ta ni ó yẹ kí ó gbẹ́ kánààlì, kí ó kó gọ́tà, kí ó kéde ọjọ́ títú omi? Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti ọdún 2013 ni àjọ NIHSA ti ń gbé ìkìlọ̀ ọdọọdún jáde nípa ibi tí omi lè kún. Bí ìkìlọ̀ náà kò bá dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà Alápẹ̀rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́, a kò lè sọ pé a kìlọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ omi: ẹ̀mí ni àkọ́kọ́. Ẹ pe LASEMA. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn omi: ìgbà yìí ni ìwé ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní orúkọ, iye ọjà àti àwòrán lọ́wọ́ ni ó ní ẹ̀rí tí ó lè fi béèrè.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Èkíní, a kò gbọdọ̀ pín owó àpamọ́ ẹgbẹ́ nítorí omi. Òfin pa á láṣẹ pé kí a fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún sínú rẹ̀, kì í sì ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹ bá fẹ́ owó pàjáwìrì, ẹ dá a sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún, kí ẹ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó dé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ń ta ata ní Máìlì 12 yáwó ní oṣù Kẹjọ, tí omi sì gbé ọjà rẹ̀ lọ ní oṣù Kẹwàá. Owó tí ó yá jẹ́ owó ìfipamọ́ ẹlòmíràn: ti aránṣọ, ti awakọ̀, ti olùkọ́. Bí a bá pa gbèsè náà rẹ́, àwọn wọ̀nyí ni a fìyà jẹ. Bí a bá sì fi dandan lé e, yóò sá, ẹrù náà yóò sì bọ́ sọ́rùn àwọn onídùúró. Ó di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ìgbìmọ̀ lọ wo ibẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sún ìsanwó síwájú ní iye oṣù tí ó mọ níwọ̀n, kí àwọn onídùúró sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ ń dáko tàbí sin ẹran béèrè nípa ìdójútòfò NAIC. Ìjọba a máa san ìdajì owó rẹ̀ fún àgbẹ̀ lórí irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn, ìkún omi sì wà nínú ohun tí ó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí akọ̀wé má ṣe gbé ìwé ẹgbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó wà ní ibòmíràn tí omi kò lè dé. Bí omi bá pa ìwé rẹ́, àríyànjiyàn tí yóò tẹ̀ lé e yóò burú ju omi náà lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí ìrànlọ́wọ́ bá dé, kí a gbà á ní orúkọ ẹgbẹ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a pín in gẹ́gẹ́ bí àdánù kálukú, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí a dá kò lè gbẹ́ kánààlì, kò sì lè ti dáàmù. Kí ìsapá wa má ṣe di àwáwí fún àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. A rọ gbogbo akọ̀wé kí wọ́n ka àlàyé yìí sétí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì yan ẹni méjì tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ omi àdúgbò wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.