Àpótí bàbá, ojú tuntun: Owó wà nínú tẹlifíṣàn àtijọ́ fún ẹni tó bá mọ ìwọ̀n

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ àwọn àgbà ló wà ní Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tí tẹlifíṣàn onípákó ṣì jókòó sí igun kan níbẹ̀. Òmíràn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì. Òmíràn ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló máa ń ṣí i nígbà tí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwòrán ti kúrò lójú ẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó àti òdòdó oníke ni wọ́n ń gbé lé e lórí báyìí. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n gbé e jù sóde, ìjà dé nìyẹn.

Ohun tí àwọn ọmọ kò fẹ́ jù nù yìí lè di iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe, ìyẹn àwọn rédíónìkì. Wọ́n á kó ìfun àtijọ́ inú àpótí náà jáde, wọ́n á fi bọ́ọ̀dù tuntun tàbí ojú LED rọ́pò rẹ̀, pákó òde á sì wà bó ṣe wà. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni, ṣùgbọ́n ó tún máa ń jẹ owó oníṣẹ́ tó bá kù gìrì wọ inú ẹ̀.

Ohun tó lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́

WNTV tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ló kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣàn dé ilẹ̀ Yorùbá. Dúdú àti funfun ni àwòrán nígbà náà. Ẹ̀yìn 1970 ni aláwọ̀ mèremère bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà ní 1975 àti ayẹyẹ FESTAC ti 1977 bá àsìkò náà mu, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tówó sì wà lọ́wọ́ wọn ra tiwọn.

Ohun méjì ló sọ wọ́n di àga fọ́tò. Èkíní ni pé ẹ̀yà ara wọn kò sí lọ́jà mọ́. Èkejì ni ètò dígítà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos lóṣù kẹrin ọdún 2016, tó sì dé Ìlọrin lóṣù kejìlá ọdún 2017. Ihò éríà nìkan ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àtijọ́, bẹ́ẹ̀ wáyà aláwọ̀ mẹ́ta tàbí HDMI ni ọ̀pọ̀ dikódà ń lò. Kódà, èyí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn lè má rí ibi tí yóò ti gba àwòrán.

Ta ló ń sanwó fún un?

Kí oníṣẹ́ tó tú ìsó kan, ìbéèrè kan ló yẹ kó bi oníbàárà: “Ṣé àwòrán lẹ fẹ́ ni, àbí àpótí?” Ẹni tó jẹ́ pé kó ṣáà rí ìròyìn àti bọ́ọ̀lù wò ló fẹ́, tẹlifíṣàn tuntun ló yẹ kó lọ rà, torí owó tí yóò ná sórí àpótí lè ra òmíràn. Oníṣẹ́ tó bá sọ òtítọ́ yìí kò pàdánù ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni wọ́n á gbé tuntun ọ̀hún wá lọ́jọ́ tó bá bà jẹ́.

Ẹni tó ń wá àpótí ni oníbàárà iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó, Àbújá tàbí òkè òkun, tí wọ́n fẹ́ kí pálọ̀ bàbá wọn wà bó ṣe wà, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onílé ìtura àti onílé oúnjẹ tó fẹ́ ohun tí àlejò yóò dúró wò. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ń bẹ níbẹ̀. Kúnlé Afọláyan, tó jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, gbé fíìmù Swallow jáde ní 2021, ìgbésí ayé Èkó lẹ́yìn 1980 ló sì dá lé. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè fi tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ sí pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú túùbù àtijọ́ máa ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà, ìlà dúdú á máa kọjá lórí ẹ̀. LED tí wọ́n bá fi sínú àpótí àtijọ́ kì í sábà fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà fún oníṣẹ́ ní Ẹ̀sìẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 800 tó wà níbẹ̀. Bí àwọn ère yẹn ṣe wà gan-an ni àwọn èèyàn ń wá wò. Ká ní ẹnì kan ti fi ọ̀dà tuntun kùn wọ́n ni, iyì wọn ì bá ti dínkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí tẹlifíṣàn rí. Kí oníṣẹ́ nù ún, kó lé kòkòrò ajẹgi, kó fi fáńníìṣì díẹ̀ sí i. Bọ́tìnì àti orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kọ sára ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò.

Ọ̀nà méjì ló wà

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí túùbù àtijọ́ wà níbẹ̀, kí bọ́ọ̀dù Ṣáínà tó ní rìmóòtù àti ihò fún wáyà aláwọ̀ mẹ́ta gba ipò ti tẹ́lẹ̀. Túùbù íǹṣì 14 sí 21 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ fún. Owó rẹ̀ kéré, àwòrán sì máa ń rí bíi ti àtijọ́, èyí tí àwọn kan fẹ́ràn.

Àmọ́ túùbù tó ṣì lágbára nìkan ló yẹ fún. Àmì kan wà nínú ọrùn túùbù tó máa ń dán bíi fàdákà. Bó bá ti funfun bíi mílíìkì, afẹ́fẹ́ ti wọlé, túùbù náà ti kú nìyẹn. Kí oníṣẹ́ tún wo gọ́ọ̀nù mẹ́ta tó ń gbé àwọ̀ jáde nínú ọrùn náà. Bí wọ́n bá tò lórí ìlà kan, ó ṣeé gbìyànjú. Bí wọ́n bá tò bí ààrò mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn aláwọ̀ tó kọ́kọ́ jáde, kò sí bí bọ́ọ̀dù Ṣáínà ṣe lè kó àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan. Mítà ni kí wọ́n fi wo kọ́ìlì tó wé mọ́ ọrùn túùbù pẹ̀lú. Bí kò bá bá bọ́ọ̀dù mu, àwòrán á sún kì, tàbí kí bọ́ọ̀dù jóná láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí túùbù jáde pátápátá, kí ojú LED tàbí ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wọlé. Òun ni ọ̀pọ̀ máa yàn lónìí, torí túùbù tuntun kò sí lọ́jà. Ó tún ń dín owó iná kù. Bí tẹlifíṣàn àtijọ́ bá ń jẹ wáàtì 100, tí LED kékeré sì ń jẹ 30, wákàtí 5 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ á jẹ́ ẹyọ iná 15 fún ti àtijọ́, 4.5 fún ti tuntun. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦200, ₦2,100 ló kù sápò lóṣù. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí iná oòrùn á mọ ìyàtọ̀ náà kíákíá.

Téèpù ṣáájú ọjà

Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń pàdánù. Íǹṣì tí wọ́n fi ń pe tẹlifíṣàn, láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́ ni. Ojú àtijọ́ máa ń fẹ̀ ní 4 bó bá ga ní 3. Ti òde òní máa ń fẹ̀ ní 16 bó bá ga ní 9. Nítorí náà, íǹṣì 20 àtijọ́ kì í ṣe íǹṣì 20 òde òní.

Íǹṣì 20 àtijọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 16, ó ga ní 12. LED íǹṣì 20 fẹ̀ tó 17 àti ààbọ̀, kò ní wọlé. Èyí tó bá a mu ni íǹṣì 18.5, tó fẹ̀ ní 16, tó sì ga ní 9. Àlàfo íǹṣì 3 á ṣẹ́kù, ọ̀kan àti ààbọ̀ lókè, ọ̀kan àti ààbọ̀ nísàlẹ̀, tí káfíńtà á fi pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní dúdú dí. Ẹni tí kò bá fẹ́ àlàfo ńlá lè wá ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ íǹṣì 19, irú èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba. Ó fẹ̀ ní bíi 15, ó ga ní bíi 12. Ihò pákó gan-an ni kí téèpù wọ̀n, kì í ṣe orúkọ tẹlifíṣàn, torí pé ihò máa ń kéré díẹ̀ sí orúkọ.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ojú LED ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ra bọ́ọ̀dù, torí bọ́ọ̀dù àti ojú gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ibì kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń yan agbára iná ojú: 3.3, 5 tàbí 12 fóòtì. Bí wọ́n bá yàn án ṣì, ojú tuntun á jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Gbohùngbohùn àtijọ́ inú àpótí ṣì lè ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń ki ju ti òde òní lọ, níwọ̀n ìgbà tí óòmù rẹ̀ kò bá kéré sí èyí tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù.

Ewu inú àpótí

Agbára iná inú túùbù aláwọ̀ lè lé ní 20,000 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára iná. Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án, kó so wáyà mọ́ irin sikirudiráfà tí mùkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó dára, kó so orí wáyà kejì mọ́ okùn irin tó yí ẹ̀yìn túùbù ká, kó wá fi ẹnu sikirudiráfà náà kan abẹ́ fìlà rọ́bà tó wà lára túùbù. Lẹ́ẹ̀mejì ni kó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ di ọrùn túùbù mú gbé e, torí bó bá ṣẹ́, gíláàsì á fọ́n ká. Èèyàn méjì ló ń gbé ńlá, kí wọ́n sì fi awò bo ojú. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe.

Òjé wà nínú gíláàsì túùbù. Kí wọ́n má fọ́ ọ sẹ́yìn ilé tàbí sínú odò. Àwọn tó ń wá bàbà máa ń fọ́ ọrùn túùbù nítorí kọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ síkúrúù ni wọ́n kàn máa tú tí yóò fi yọ. Ọdún 2011 ni òfin àjọ NESREA lórí pàǹtí ohun èlò oníná ti jáde, nígbà tí EPRON, tó ń rí sí kíkó irú pàǹtí bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Kí wọ́n tọ́jú túùbù lódindi fún àwọn akópàǹtí tó ní ìwé àṣẹ.

Ìṣirò tí kì í parọ́

Kí oníṣẹ́ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye ọjà: ojú, bọ́ọ̀dù àti wáyà, ₦60,000, owó ọkọ̀ àti ẹrù láti Èkó, ₦8,000, káfíńtà, ₦10,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦78,000. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ₦7,000 lójúmọ́ á sọ ọ́ di ₦99,000. Kó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún ohun tó lè bà jẹ́, ó di ₦108,900. Ẹni tó bá gba ₦85,000 torí pé ₦78,000 ló ná, ₦7,000 péré ló fi ọjọ́ mẹ́ta gbà.

Kó gba owó ọjà sílẹ̀ kó tó lọ rà á. Kó ya fọ́tò àpótí níwájú ẹni tó ni ín, kí ọ̀rọ̀ “ibí yìí kò fọ́ tẹ́lẹ̀” má baà wáyé. Kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun dúró fún bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun kò dúró fún túùbù àtijọ́. Kó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yà ara àtijọ́ padà pẹ̀lú. Àpótí bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà. Bí oníṣẹ́ bá bà á jẹ́, kò sí owó tó lè fi san án padà.